Fáírọ́ọ̀sì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Lójoojúmọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Iṣẹ́ títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó díjú wà nísàlẹ̀.

Kí ni fáírọ́ọ̀sì orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà gan-an?

Áàpù ni. Bí ẹnì kan ṣe jókòó kọ WhatsApp náà lẹnì kan ṣe jókòó kọ fáírọ́ọ̀sì, àfi pé iṣẹ́ ibi ni wọ́n kọ ọ́ fún. Òmíràn ń jí pásíwọ́ọ̀dù, òmíràn ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́, òmíràn á ti gbogbo fáìlì yín pa kó tó béèrè owó, òmíràn ò sì ní iṣẹ́ méjì ju kó máa fi ìpolówó dí yín lójú. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, òun náà ni màá máa lò.

Bí mo bá kàn ṣí ìkànnì kan, tí mi ò tẹ nǹkan kan, ṣé ó lè wọlé?

Ó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ mọ́. Láyé Flash (ohun tí ìkànnì fi ń gbé fídíò àti géèmù jáde nígbà yẹn) àti Internet Explorer, ó wọ́pọ̀ gan-an: ojú-ewé á wá ibi tó jò lára Flash, á sì gba ibẹ̀ kọjá. Adobe pa Flash tì ní ìparí ọdún 2020. Chrome, Firefox àti Safari sì ti ń há ojú-ewé kọ̀ọ̀kan mọ́ yàrá tirẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní tó nǹkan mìíràn lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá máa fọ́ yàrá yẹn lónìí, iṣẹ́ ńlá ló máa ṣe, pàápàá tí ẹ bá ń ṣe àpdéètì.

Ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ohun tí àwọn gbájúẹ̀ ń wá báyìí ni bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe máa la ògiri fún wọn: ẹ tẹ ibí, ẹ gba èyí láàyè, ẹ fi áàpù yìí sórí fóònù. Èyí tó pọ̀ jù nínú fóònù tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ọwọ́ onífóònù ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ojú-ewé kan ní fáírọ́ọ̀sì 13 ti wọ fóònù mi, fóònù sì ń gbọ̀n. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Kò sí ìkànnì tó lè wo inú fóònù yín kó ka fáírọ́ọ̀sì ibẹ̀. Ẹni tó ṣe ìpolówó náà ló kọ 13 sí i, fóònù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí á rí 13 yẹn náà. Gbígbọ̀n tó ń gbọ̀n kò ju ohun tí ojú-ewé lè pa láṣẹ fún fóònù lọ. Kí àyà yín já, kí ẹ sì tẹ "Clean now" ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn bọ́tìnì yẹn ni áàpù gidi tó burú wà.

Ẹ má tẹ ohunkóhun lójú rẹ̀, kódà àmì X tó wà níbẹ̀, nítorí wọ́n lè ya X náà sí i ni. Ẹ ti Chrome pa láti ibi tí ẹ ti máa ń rí gbogbo áàpù tó wà ní ṣíṣí. Lórí kọ̀ǹpútà, tí ó bá ti gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ẹ di bọ́tìnì Esc mú fúngbà díẹ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wá pa Chrome láti ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún un ṣí, tó bá bi yín bóyá kó dá àwọn ojú-ewé àná padà, ẹ sọ pé rárá.

Tó bá jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n máa ń fi orúkọ Microsoft àti nọ́ńbà fóònù sí i. Microsoft kì í fi nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ tó bá yọ lójú ẹ̀rọ, láéláé. Ẹni tí ẹ bá pè á ní kí ẹ fi áàpù tó ń jẹ́ kí òun darí kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn síbẹ̀, lẹ́yìn náà á ní kí ẹ lọ ra káàdì ẹ̀bùn. Wọ́n sábà máa ń fi èyí mú àwọn àgbàlagbà tó ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Bí Mọ́mì tàbí Dádì bá wà lọ́hùn-ún, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní kí ẹ sọ fún wọn.

Ìpolówó ìsọkúsọ ń yọ lókè fóònù mi kódà tí mi ò bá ṣí Chrome. Ṣé fáírọ́ọ̀sì nìyẹn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ẹ ti tẹ "Allow" lórí ìkànnì kan tó sọ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí fíìmù lè bẹ̀rẹ̀, láìmọ̀ pé ẹ ń gbà á láàyè kó máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín ni. Ẹ ṣí Settings nínú Chrome, ẹ wọ Site settings, ẹ wọ Notifications, kí ẹ pa gbogbo orúkọ tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni, àwọn kan sì ti fọ gbogbo fóònù wọn nù nítorí rẹ̀.

Àmọ́ tí ìpolówó bá ń bo ojú WhatsApp tàbí ìṣirò owó tí ẹ ń ṣe, áàpù kan ló wà nídìí ìyẹn. Ẹ wo àwọn tí ẹ fi síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iná tọ́ọ̀ṣì, áàpù tó ń "fọ" fóònù àti èyí tó ń yí àwòrán padà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Àmì àgádágodo wà lára ìkànnì náà. Ṣé mo lè fọkàn balẹ̀?

Rárá. Ohun tí àgádágodo àti "https" ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti ìkànnì náà ń bá ara yín sọ. Kò sọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Èèyàn lè wà nínú yàrá tí a tì pa pẹ̀lú olè. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ẹ̀rí https báyìí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lèèyàn á ti gbà á, olè náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Nítorí pé aráyé ṣì í lóye ni Google ṣe yọ àgádágodo kúrò lójú Chrome ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tó fi àmì mìíràn síbẹ̀.

Orúkọ ìkànnì ni kí ẹ máa kà, láti ẹ̀yìn ni kí ẹ sì ti kà á. Ẹ wá àmì / àkọ́kọ́ lẹ́yìn https://, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì tó wà ṣáájú rẹ̀. Nínú "bankiyin.com.ere-ofe.top/wole", ere-ofe.top ló ni ilé, bankiyin.com kàn jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ni. Tó bá jẹ́ ".com.ng" ló gbẹ̀yìn, ẹ ka mẹ́ta.

Bọ́tìnì "Download" márùn-ún ló wà lójú-ewé tí mo ti fẹ́ wa fíìmù. Èwo ni kí n tẹ̀?

Èyí tó tóbi jù, tó ń tàn yanran, ìpolówó ni. Èyí tí wọ́n ń wá gan-an sábà máa ń jẹ́ líǹkì kékeré tí kò ní ẹwà kankan. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, orúkọ fáìlì tó bá wọlé ni ẹ̀rí. Ìparí orúkọ fíìmù á jẹ́ .mp4 tàbí .mkv, ti orin á jẹ́ .mp3, ti ìwé á jẹ́ .pdf tàbí .epub. Bí fíìmù bá wá ń jẹ́ .apk, .exe tàbí .msi, áàpù ni, kì í ṣe fíìmù: ẹ pa á rẹ́ láìṣí i. Kí ẹ sì fura sí .zip tó ní pásíwọ́ọ̀dù: torí kí antivirus (áàpù tó ń wá fáírọ́ọ̀sì) má baà rí inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe tì í.

Ẹ̀tàn ìparí orúkọ ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, fáìlì kan tó ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs gba ìmeèlì káàkiri ayé láti orílẹ̀-èdè Philippines. Windows máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, nítorí náà .TXT nìkan làwọn èèyàn rí, wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ lásán ni. Títí dòní, Windows ṣì ń fi í pamọ́. Ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ tẹ View, kí ẹ mú "File name extensions" kó lè máa hàn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi líǹkì dátà ọ̀fẹ́ 50GB ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi á tàn mí ni?

Wọn ò tàn yín, àwọn náà ni wọ́n tàn. Ojú-ewé yẹn ló ní kí wọ́n pín in fún èèyàn 15 tàbí ẹgbẹ́ márùn-ún kí dátà tó lè wọlé. Dátà kì í wọlé. Ẹni tó ń wá ìfà, òfò ló ń wá: nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, yóò ní kí ẹ kọ nọ́ńbà yín, tàbí kí ẹ gba áàpù kan.

Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ FluBot ṣe bẹ́ẹ̀ nípa àtẹ̀jíṣẹ́. Á ní ẹrù yín wà lọ́nà, kí ẹ gba áàpù tí ẹ óò fi tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Áàpù yẹn á jí nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn. Àjọ NCC kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún àwa ará Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2021, kí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Netherlands tó wó o lulẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022. Ẹ pe ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ kí ẹ béèrè. Kì í ṣe àìbọ̀wọ̀ fún àgbà.

Kí ló burú nínú GBWhatsApp àti APK tí mo bá gbà láti ìta?

APK fúnra rẹ̀ kò burú. Bí áàpù Android gbogbo ṣe rí nìyẹn. Ohun tó burú ni pé ẹ kò mọ ẹni tó dì í. Ẹni tó ṣe GB, FM tàbí Yo ti tú WhatsApp palẹ̀, ó ti ti nǹkan tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì tún un dì. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ antivirus Kaspersky rí fáírọ́ọ̀sì Triada nínú FMWhatsApp kan, ó gba inú ohun èlò ìpolówó wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí YoWhatsApp tó ń jí kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn fi lè wọ àkáǹtì WhatsApp oníǹkan. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, WhatsApp a máa lé àwọn tó ń lò wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa ka ohun tí ẹlòmíràn ti pa rẹ́. Ẹni tó fún yín ní agbára yẹn náà lè máa ka tiyín.

Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba APK láti ìta, ẹ gbà á lórí ìkànnì ẹni tó ṣe áàpù náà gan-an, kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí virustotal.com, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ antivirus ti máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Settings kí ẹ gba àṣẹ "Install unknown apps" kúrò lọ́wọ́ Chrome. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìkẹyìn yìí.

Ṣé dandan ni kí n ra antivirus?

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, rárá. Microsoft Defender ti wà nínú Windows 10 àti 11 láìsan kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lórí Android, Play Protect wà nínú Play Store. Ẹ tẹ àwòrán yín lókè kí ẹ rí i pé ó wà ní títàn. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan: tí ẹ bá kó antivirus méjì sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa bá ara wọn jà, ẹ̀rọ á sì máa wọ́.

Èyí tí mo kórìíra jù ni antivirus tí wọ́n já (ìyẹn crack, kí ẹ lè lò ó láìsanwó), tàbí Office àti Photoshop tí wọ́n já. Ìlànà tó bá a wá sábà máa ń sọ pé kí ẹ pa antivirus ná kí ẹ tó ṣí i. Olè ló ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé.

Àpdéètì ń jẹ dátà. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀?

Ẹ lè sún un di alẹ́, tàbí di ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí Wi-Fi wà. Ẹ má fi í sílẹ̀. Microsoft dí ihò kan nínú Windows ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017. Àwọn tó sún un síwájú wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọlé. Ó kọlu orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ní Ìlú Ọba, ó ti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ìjọba pa, wọ́n dá aláìsàn padà sílé. Oṣù méjì ni wọ́n fi ní oògùn lọ́wọ́ tí wọn kò lò ó.

Bí dátà bá wọ́n, Chrome àti Android WebView (tí àwọn áàpù mìíràn fi ń ṣí ojú-ewé) ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kí ẹ sì mọ̀ pé Microsoft dáwọ́ àpdéètì ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò.

Incognito àti VPN ńkọ́?

Wọn kì í dá fáírọ́ọ̀sì dúró. Incognito kàn ń gbàgbé ibi tí ẹ lọ ni. VPN ń gba ọ̀nà mìíràn gbé dátà yín, ohun tí ẹ bá sì tẹ̀ á ṣì wọlé. VPN ọ̀fẹ́ tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín tilẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ni olè.

iPhone ni mò ń lò. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín díẹ̀. APK kò lè wọ ibẹ̀, ìyẹn dín wàhálà kù. Ṣùgbọ́n ojú-ewé tó ń jí pásíwọ́ọ̀dù kò bèèrè irú fóònù tí ẹ gbé dání. Ẹ wo Settings, General, VPN & Device Management: bí ẹ bá rí profile (àṣẹ tó lè jẹ́ kí ẹlòmíràn darí fóònù) tí ẹ̀yin tàbí ibi iṣẹ́ yín kò fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Mo fi flash drive tẹ ìwé jáde ní business centre, gbogbo fáìlì mi sì ti di shortcut. Ṣé wọ́n ti lọ?

Wọn ò lọ. Fáírọ́ọ̀sì yẹn fi fáìlì yín pamọ́, ó wá fi shortcut rọ́pò wọn. Tí ẹ bá tẹ shortcut lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, òun náà kó o nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Defender yẹ flash náà wò, kí ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* síbẹ̀ (E ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi lẹ́tà flash tiyín rọ́pò rẹ̀). Fáìlì yín á padà yọ, ẹ wá pa àwọn shortcut rẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí ìmeèlì business centre láti orí fóònù yín. Ẹ má wọ ìmeèlì tiyín lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ṣé extension (áàpù kékeré tí a fi kún Chrome) tí mo ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ lè di olè?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí sì ni kò jẹ́ kí n fẹ́ràn kí wọ́n pọ̀. The Great Suspender jẹ́ extension tó dáa tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ẹni tó ṣe é gbé e fún ẹlòmíràn, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2021, Google yọ ọ́ kúrò nítorí pé ohun búburú ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó kò tẹ nǹkan kan. Bí extension bá láṣẹ láti ka gbogbo ojú-ewé tí ẹ ń ṣí, ojú-ewé báńkì wà lára rẹ̀. Mẹ́ta ni mo ní, ó tó mi.

Ìkànnì kan ní kí n tẹ Windows àti R, lẹ́yìn náà Ctrl àti V, kí n wá tẹ Enter, kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹ má ṣe é! Ojú-ewé náà ti fi àṣẹ kan sínú ẹ̀rọ yín láìjẹ́ kí ẹ rí i, bí ìgbà tí ẹ bá ṣe copy. Windows àti R ń ṣí ibi tí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, Ctrl àti V ń lẹ àṣẹ yẹn síbẹ̀, Enter sì ń mú un ṣẹ. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín wa fáírọ́ọ̀sì wọlé, kò sì sí ilẹ̀kùn tó máa dá yín dúró, torí onílé ló ń wọlé. Láti ọdún 2024 ni ẹ̀tàn yìí ti gbòde kan.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé wọlé ni Lumma, tó ń kó pásíwọ́ọ̀dù. Láàárín ọjọ́ 16 oṣù kẹta sí 16 oṣù karùn-ún ọdún 2025 nìkan, Microsoft rí kọ̀ǹpútà tó lé ní 394,000 tó kó o. Ẹ̀rí rọ́bọ́ọ̀tì gidi kì í kúrò nínú ojú-ewé: ẹ óò mú àwòrán bọ́ọ̀sì tàbí iná títì, ó parí.

Áàpù kan ń béèrè àṣẹ "Accessibility". Kí nìyẹn?

Àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa ni wọ́n ṣe é fún, kí áàpù lè ka ohun tó wà lójú fóònù fún wọn kó sì bá wọn tẹ bọ́tìnì. Ẹ wo ohun tí olè lè fi ìyẹn ṣe. Yóò ka kóòdù tí báńkì fi ránṣẹ́, yóò tẹ "Send" fún ara rẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, á tẹ "Back" kí ọwọ́ yín tó débẹ̀. Kò sí ohun tí áàpù owó yíyá, fíìmù tàbí tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi àṣẹ yẹn ṣe.

Mo ti tẹ̀ ẹ́, mo ti fi sórí fóònù. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ pa dátà àti Wi-Fi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe báńkì, nọ́ńbà wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa ná. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí a fi ń tì í láti orí fóònù èyíkéyìí; ẹ kọ tiyín sínú ìwé lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Owó ṣáájú, títún fóònù ṣe tẹ̀ lé e. Àwọn kan á jókòó ti fóònù fún wákàtí mẹ́ta títí àkáǹtì á fi gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé Android sí Safe mode: ẹ di bọ́tìnì iná mú, lórí ọ̀pọ̀ fóònù ẹ óò wá tẹ "Power off" pẹ́ títí yóò fi béèrè. Àwọn áàpù tí ẹ fọwọ́ ara yín fi síbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ nínú Safe mode, nítorí náà olè náà kò ní lè bá yín jà. Ẹ yọ ọ́. Tó bá kọ̀, ẹ wá "Device admin apps" nínú Settings, ẹ gba àṣẹ rẹ̀, kí ẹ tún un yọ. Tí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ kó àwòrán yín kúrò kí ẹ fọ fóònù náà nù.

Orí ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ìmeèlì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo yòókù ti ń tún tiwọn ṣe.

Wọ́n ti gbogbo fáìlì mi pa, wọ́n ń béèrè owó. Ṣé kí n san án?

Èmi kò ní san án. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n á ṣí i, àwọn kan sì san án tí wọn kò rí nǹkan gbà. Ẹ lọ sí nomoreransom.org, tí Europol (àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù), ọlọ́pàá Netherlands àti àwọn iléeṣẹ́ antivirus dá sílẹ̀ lọ́dún 2016. Ẹ óò gbé fáìlì tó bàjẹ́ síbẹ̀, yóò sì sọ bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà. Bí kò bá sí, ẹ má pa fáìlì náà rẹ́. Wọ́n máa ń rí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tó ń gba èèyàn níbí ni ẹ̀dà fáìlì tó wà lórí díìsìkì tí a ti yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Mo ní kóòdù ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí àkáǹtì mi, síbẹ̀ wọ́n wọlé. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Wọn ò lo pásíwọ́ọ̀dù yín rárá. Nígbà tí ẹ bá wọ Gmail tàbí Facebook, Chrome á tọ́jú ohun kan tí wọ́n ń pè ní cookie, bí báàjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ yín láyà lẹ́nu ọ̀nà òde ìgbéyàwó, kí wọ́n má baà tún máa bèèrè ìwé ìpè lọ́wọ́ yín. Irú Lumma yẹn á kó báàjì náà lọ. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà tirẹ̀, ìkànnì á rò pé ẹ̀yin ni, kò sì ní béèrè kóòdù.

Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù nìkan kì í fi tó nígbà mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún jí báàjì tuntun. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ibi tí wọ́n to gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí àkáǹtì sí (ní Google, "Your devices" ló ń jẹ́), kí ẹ lé gbogbo wọn jáde, títí kan èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ wá pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olè náà ti fi nọ́ńbà tàbí ìmeèlì tirẹ̀ síbẹ̀ tí yóò fi padà wọlé.